Ṣé Kí A Kó Lọ sí Agége?

 

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń béèrè pé kí n dá sí ọ̀rọ̀ owó ilé tó ń gun òkè ní Èkó. Ẹ ní ṣé ó yẹ kí ènìyàn fi àdúgbò tó wọ́n sílẹ̀, kí ó kó lọ sí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́, níbi tí ilé ti rọ̀ lọ́rùn díẹ̀? Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, nítorí pé ẹni tó ń sùn nínú yàrá ló mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ inú ẹbí tèmi wá ní ọdún tó kọjá. Ó ti yanjú báyìí, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó kàn pé kí n sọ ọ́ síta, kí n má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọ àbúrò mi obìnrin gbé àpò kọ́ apá, ó wọlé tọ̀ mí wá. Kò tíì kúnlẹ̀ kí mi tán tó fi bú sẹ́kún.

Ó ní: “Ìyá mi, ẹ gbà mí o. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó wa lọ sí Agége.”

Mo ní: “Agége kẹ̀? Ṣé inú igbó ni Agége wà ni, tí o fi ń sunkún báyìí?”

Ó nu ojú, ó wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Sùúrùlérè ni wọ́n ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti fà á fún ọkọ. Yàrá méjì àti páálọ̀ ni. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Yábàá. Òun náà ń ta àǹkárá ní ọjà Tẹ́júoṣó. Onílé ti fi owó lé owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún mẹ́ta. Ni ọkọ bá dá lọ wo ilé kan ní Agége, ó sì ti san owó fọ́ọ̀mù fún ẹjẹ́ńtì kí ó tó sọ fún un. Ó ní: “Bí ẹni ń sọ pé òjò yóò rọ̀ ló ṣe sọ ọ́ fún mi. Kí ni kí n wí fún àwọn ẹgbẹ́ mi? Wọ́n ní àwọn ọmọ ìta ló pọ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ìyá mi. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí ó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú. Èkínní, ìtìjú orúkọ àdúgbò. Èkejì, ẹ̀rù ọmọ, ẹ̀rù gidi sì ni. Ẹ̀kẹta, èyí tó dùn ún jù tí kò sì fẹ́ sọ tán, ni pé ọkọ rẹ̀ kò bá a jíròrò. Bí a kò bá tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó máa pariwo Agége, Agége, nígbà tó jẹ́ pé Agége kọ́ ni ọ̀ràn.

Mo ránṣẹ́ pe ọkọ. Ó dé lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn bí ẹni tó ti mọ ohun tí a pè é fún. Mo ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó lanu.

Ó ní: “Màmá, mo yá owó ilé èyí tó kọjá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa. N kò tíì san án tán tí onílé tún fi lé e. Sùúrùlérè ni à ń gbé, gbèsè ni à ń jẹ.”

Ìyàwó rẹ̀ yí ojú wò ó. Kò gbọ́ nípa gbèsè náà rí. Ilé dákẹ́. Mo mọ̀ nígbà náà pé ojú ni ọkùnrin yìí ń bò, kì í ṣe pé ó ń rẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ojú tí a bò ní ilé, ìta ni yóò ti là.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wí fún wọn nìyí, òun náà ni mo sì ń wí fún yín. Nínú Àlùkùránì, ní Súrà kejì, ẹsẹ 233, Ọlọ́run fi hàn pé gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ gan-an, ìjíròrò àti ìfohùnṣọ̀kan bàbá àti ìyá ni kí wọ́n fi ṣe é. Bí ọmú ọmọ bá gba ìjíròrò, mélòó-mélòó ni kíkó gbogbo ilé kúrò lójú kan? Ọkọ tó bá dá ilé wò, tó dá owó san, tó wá ní kí ìyàwó máa di ẹrù, kò tíì wá ilé; ìjà ló wá. Ìyàwó tó bá sì kọ ilé láìbéèrè ohun tó wà nínú àpò ọkọ, òun náà kò tíì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Lẹ́yìn èyí, mo sọ ìtàn kan fún wọn tó pa ìyàwó lẹ́rìn-ín. Sùúrùlérè tí ó ń sunkún pé òun yóò fi sílẹ̀ yìí, àwọn kan ti sunkún rí nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ síbẹ̀.

Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn ní Èkó, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún ìlú ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní L.E.D.B. Nígbà tó di ọdún 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó agbo ilé ní àárín Èkó, wọ́n ní ilé ti fún jù, ìdọ̀tí sì ti pọ̀ jù. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Nígbà náà, ọ̀nà jíjìn ni Sùúrùlérè jẹ́ lójú ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkùnrin òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ìdílé tó kó lọ àti àwọn tó kù sẹ́yìn, ó sì kọ ìwé lé e lórí tí ó jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí nìyí: ilé tuntun mọ́, ó sì láyè, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àwọn baálé ilé pọ̀ sí i, àwọn ìyá tó ti ń tajà ní ojúlé tàbí nítòsí ọjà pàdánù àwọn oníbàárà wọn, àwọn ẹbí tó ti ń jẹun pọ̀ lójoojúmọ́ kò rí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé dára, àpò gbẹ.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé ilé kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Ọjà ìyá, ibi iṣẹ́ bàbá, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti ẹsẹ̀ ẹbí, gbogbo wọn ló ń bẹ nínú ilé. Bí o bá fa ògiri kúrò níbì kan, àwọn tó kù á bá a ya. Èkejì ni pé orúkọ àdúgbò a máa yí padà. Sùúrùlérè tí àwọn kan fi omijé wọ̀ ní ọdún 1955 ni àwọn ọmọ wọn ń fi yangàn lónìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wí yan ilé, àwọn ẹgbẹ́ náà kọ́ ni yóò bá a san owó rẹ̀.

Agége náà kì í ṣe ìlú àìmọ̀. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀nà ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901; Agége wà lójú ọ̀nà náà. Ibẹ̀ ni oko obì àti kòkó pọ̀ sí, obì yìí ló sì mú kí àwọn oníṣòwò Hausa tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n ń gbé e lọ sí òkè Ọya. Èyí wà lára ohun tó mú kí mọ́ṣáláṣí àti ilé kéwú pọ̀ níbẹ̀. Ta ni kò sì jẹ búrẹ́dì Agége rí nínú wa? Ẹran tí ọ̀pọ̀ ń jẹ ní Èkó, ilé ẹran Oko Ọba tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Àwọn tó ń gbé Agége ni alápatà, télọ̀, awakọ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Ọmọ ìta wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ àdúgbò tí kò sí fún mi ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìwé àti bírò, nítorí pé ibẹ̀ ni òótọ́ ń gbé. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ kà yìí. Kì í ṣe owó ilé kankan, ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ilé Agége fi ₦400,000 dín lọ́dún sí ti Sùúrùlérè. Ojú ọkọ là nígbà tó kà á. Ṣùgbọ́n ká ní owó ọkọ̀ rẹ̀ fi ₦800 lé lójúmọ́, ti ìyàwó sì fi ₦700 lé. ₦1,500 nìyẹn. Bí wọ́n bá ń jáde ní ọjọ́ 26 lóṣù, ó di ₦39,000. Lọ́dún, ó di ₦468,000. Ẹ ò rí i báyìí? Ilé tó rọ̀ lọ́rùn ti gba ₦68,000 lé lórí èyí tó wọ́n.

Ká tún yí i wò. Bí ìyàwó bá rí ìsọ̀ sí àdúgbò tuntun, tí ọ̀nà rẹ̀ di ẹsẹ̀ lásán, ti ọkọ nìkan ló kù: ₦20,800 lóṣù, ₦249,600 lọ́dún. ₦150,400 ṣẹ́ kù sápò. Ṣùgbọ́n a kò tíì yọ owó ìsọ̀ tuntun, a kò sì tíì ka oníbàárà àtijọ́ tí kò ní wá sí Agége wá ra àǹkárá. Ọjà tí a fi ọdún mẹ́wàá kọ́, a kì í gbé e rù bí àpótí.

Ó tún ku ìnáwó ìkẹ́rù. Ó wọ́pọ̀ ní Èkó kí ẹjẹ́ńtì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, kí owó ìwé àdéhùn náà tún tó bẹ́ẹ̀, kí onílé sì tún gba owó ìdúró lórí ohun tó bá bàjẹ́. Ẹ fi owó ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀dà kún un. Ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà ní èrè. Láti ọdún kejì ni ẹni tó bá kó lọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí rí i. Ẹni tí kò bá ní lọ́kàn láti gbé ibẹ̀ tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun kan tún wà tí a kì í kọ sínú ìwé ìṣirò, òun ni àkókò. Ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rìn ààbọ̀ nítorí ọkọ̀, oorun ni yóò máa sùn nínú kíláàsì. Bàbá tó ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, àlejò ni lójú wọn. Ní ti Agége, ìtura díẹ̀ ti dé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní Red Line, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Láti Àgbàdo ló ti ń bọ̀, ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá lọ sí Ọyìngbò, nǹkan bíi kìlómítà 27. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá lè fi bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í dúró de ẹni tó ń wá fìlà. Ẹ lọ wo àkókò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé tí ẹ fẹ́ gbà dé ibùdókọ̀ náà. Àwọn ẹjẹ́ńtì a máa ní “kò jìnnà rárá.” Ẹsẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí a kà á tán báyìí, ọkọ kò lè pariwo pé Agége dandan mọ́, ìyàwó náà kò sì lè pariwo pé Agége láéláé. Mo ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹjẹ́ńtì má bá wọn lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí. Ilé tí a lọ wò ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tìróò ni. Ẹ lọ wò ó nígbà tó bá jí.

Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ ó rí bí omi ṣe ń wọ́n tàbí bó ṣe pọ̀, bí àwọn obìnrin ṣe ń tò sídìí ẹ̀rọ, àti iye ọmọ tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Ẹ lọ ní alẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ ó mọ̀ bóyá iná wà lójú títì, àwọn wo ló jókòó sí ìkóríta, kí ni wọ́n ń mu, báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin tó ń kọjá. Ẹ rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé bí ọmọ yín yóò ṣe máa rìn ín. Bí àyà yín bá já, tiẹ̀ náà yóò já.

Ẹ lọ ní ọjọ́ òjò. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun ló sì ń pa ni lára jù. Ẹ rántí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, bí omi ṣe wọ ilé onílé káàkiri Èkó, tí ó sì gbé ẹ̀mí lọ. Bí ẹ kò bá lè dúró de òjò, ẹ wo ara ògiri. Ibi tí omi bá ti dé rí, ó máa ń fi ìlà sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kun ún. Ẹ wo ojú gọ́tà bóyá omi ń lọ tàbí ó dúró dẹ́fọn.

Ẹ má bi onílé léèrè, kò sí ẹni tó máa pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kíkan. Ìyá alákàrà tó ti pẹ́ ní ìkóríta ni kí ẹ bi, kí ẹ kọ́kọ́ ra àkàrà rẹ̀. Ẹ bi obìnrin tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ẹ kírun kan ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kí ẹ sì bá àfáà tàbí àwọn àgbà tó jókòó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lo wákàtí kan lọ́dọ̀ wọn, ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹjẹ́ńtì kò ní sọ lọ́dún kan.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tiwa náà nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé tó rọ̀ lọ́rùn jẹ́ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí a ń pè ní féèsì-mí-àì-féèsì-yú. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ìdílé mélòó ló ń lo balùwẹ̀ kan. Ṣé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdè nínú? Ṣé ibi tí ọmọbìnrin yóò gbà lọ wẹ̀ kì í ṣe iwájú àwọn ọkùnrin? Ṣé mítà iná jẹ́ ti yàrá kọ̀ọ̀kan àbí ti gbogbo ilé? Mítà àjùmọ̀lò ti fọ́ ọ̀rẹ́ ju àtẹ̀yìnwá ọ̀rọ̀ lọ. Yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀ sàn fún ẹlòmíràn ju yàrá méjì tó ń lo balùwẹ̀ ogún ènìyàn.

Ní ti aládùúgbò, àwọn Lárúbáwá máa ń ní kí ènìyàn wá aládùúgbò kí ó tó wá ilé. Àlùkùránì náà, ní Súrà kẹrin, ẹsẹ 36, pa á láṣẹ pé kí a ṣe dáadáa sí aládùúgbò tó súnmọ́ wa àti èyí tó jìnnà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì kọ́ Abu Dharr pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó bu omi kún un, kí ó lè fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí ó kọ́kọ́ bu ẹran kún un. Ọbẹ̀ olómi tí a fi ọ̀yàyà bù fún ni ni wọ́n fi ń kọ́ àdúgbò. Mo sọ èyí fún ọmọ wa nítorí ẹ̀rù tó ń bà á. Ọmọ tí ìyá mẹ́wàá mọ orúkọ rẹ̀ lójú títì, ọmọ ìta kì í yá a lójú láti fọwọ́ kàn án. Ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, èyí sábà máa ń rọrùn ju ibi tí olúkúlùkù ti ti géètì mọ́rí lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò kọ́kọ́ kí wọn. Ẹni tó bá kó dé tó ń yínmú, òun nìkan ni yóò dá gbé.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ó bá gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó san án náà sì jẹ̀bi. Òfin náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kí ó jáde, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ti oṣù kan. Agége wà lábẹ́ òfin yìí. Nítorí náà, ẹ má san owó fún ẹni tí ẹ kò rí ojú onílé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé náà tàbí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé lẹ́bàá ojú irin, ilé lórí ojú ọ̀nà omi, ẹ ṣọ́ra. Ẹ rántí Máròkó tí ìjọba ológun wó ní oṣù Keje ọdún 1990, tí àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú díwọ̀n sí 300,000 fi di aláìnílé. Ilé rọ̀ lọ́rùn níbẹ̀ dáadáa kí ó tó di ọjọ́ náà.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa já sí. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe wí. Ní ọjọ́ òjò, wọ́n bá omi ní àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlá ilé tí ọkọ ti san owó fọ́ọ̀mù lé lórí, ìlà pupa sì wà lára ògiri yàrá ní ìwọ̀n orúnkún. Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n fi owó fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ fún ẹjẹ́ńtì lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà nítòsí ibẹ̀ ló mú wọn dé ilé mìíràn, lórí ilẹ̀ tó ga, níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé wọn dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Yàrá kan àti páálọ̀ ni, wọ́n sì ní balùwẹ̀ tiwọn. Ó kéré sí ti Sùúrùlérè, ó sì wọ́n ju èyí tí omi wọ̀ lọ díẹ̀.

Wọn kò kó lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúró kí ọmọbìnrin náà parí ìdánwò àṣekágbá ọdún kẹta rẹ̀, kí ó má baà ya ilé ẹ̀kọ́ láàrin ọdún. Ìyàwó kò fi ìsọ̀ rẹ̀ ní Tẹ́júoṣó sílẹ̀. Òun àti obìnrin kan jọ ń lò ó báyìí, ó ń lọ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì ń ta ìyókù níwájú ilé. Ó sọ fún mi pé àwọn oníbàárà kan ti sọnù, kò sì tíì rí ìdajì wọn rọ́pò. Síbẹ̀, oṣù mẹ́fà ti kọjá, wọ́n sì ti san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ku díẹ̀.

Mo bi í léèrè láìpẹ́ yìí pé: “Ṣé o ti fẹ́ràn Agége báyìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ìyá mi, mo ṣì ń kọ́ ọ. Ariwo pọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ti ń sùn lóru.”

N kò ní kí gbogbo yín di ẹrù o. Ẹni tí ìṣirò tirẹ̀ bá fi hàn pé kí ó jókòó, kí ó jókòó láìtijú, kí ó dín ìnáwó mìíràn kù. Ẹni tí ó bá sì fi hàn pé kí ó lọ, kí ó lọ láìwẹ̀yìn. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ jọ kà á, tọkọtaya, lórí ẹní kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi gbèsè kankan pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ilé tí a jọ yàn, bó tilẹ̀ kéré, a ó jọ gbé e.

Kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù wa ní ilé ìtura àti aládùúgbò rere. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mà á sàlámù.